Bí Mo Ṣe Yẹ Sìlíńdà Ẹ́ńjìnì Tòkunbọ̀ Wò Kí N Tó Gbé E Sínú Camry Ìyá Ìbejì

Lọ́dún tó kọjá, mo gbé ẹ́ńjìnì tòkunbọ̀ kan sínú ọkọ̀ oníbàárà láì wo inú rẹ̀. Ẹni tó tà á fún mi fi ọwọ́ yí i, ó yí. Mo ṣí ìdérí ibi tí a ń da ọ́ìlì sí, ó mọ́. Mo sanwó, mo gbé e, mo dè é. Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ kejì tí a sítáàtì rẹ̀, èéfín búlúù, àmì pé ọ́ìlì ń jó nínú ẹ́ńjìnì, bo gbogbo wọ́kíṣọ́ọ̀pù. Ọjọ́ méjì ni mo fi dè é, ọjọ́ kan ni mo fi tú u, àpò mi ni owó iṣẹ́ gbogbo rẹ̀ ti jáde. Láti ìgbà náà ni mo ti bá ara mi ṣàdéhùn pé ẹ́ńjìnì kankan kò ní wọ ọkọ̀ lọ́wọ́ mi mọ́ láìjẹ́ pé mo mọ bí sìlíńdà rẹ̀ (ihò tí písítìn ti ń lọ sókè sódò) ṣe rí. Iṣẹ́ tí mo kọ síbí yìí ni àkọ́kọ́ tí mo ṣe bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo kọ àwọn ibi tí mo ti ṣìṣe mọ́ ọn, torí ibẹ̀ gan-an ni àkókò mi bá lọ.

Ọkọ̀ náà ni Camry 1999, èyí tí a ń pè ní Tiny Light. Ẹ́ńjìnì 5S-FE ló wà nínú rẹ̀, púlọ́ọ̀gì mẹ́rin, lítà 2.2. Ìyá Ìbejì ló ni ín. Tíṣà ni wọ́n, ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n sì ń gbé e láti Ìbàdàn lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, nǹkan bí ọgọ́rùn-ún kìlómítà ní àlọ nìkan. Ọ́ìlì gbẹ mọ́ wọn lọ́wọ́ lójú ọ̀nà, ẹ́ńjìnì nọ́ọ̀kì, irin tó so písítìn mọ́ kíráǹkì (ọ̀pá tó ń yí nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnì) sì lu ẹ̀gbẹ́ bulọ́ọ̀kù (ara ẹ́ńjìnì tí sìlíńdà wà nínú rẹ̀) jáde. Kò sí ohun tí a lè tún ṣe sí i. Ṣùgbọ́n mo yọ písítìn rẹ̀ kan tó ṣì dára pa mọ́. Ẹ ó rí ìwúlò rẹ̀ níwájú.

1. Ọjà páàtì

Ẹ́ńjìnì lásán ni mo rà, láìsí gíà, ní ₦450,000. Kí n tó sanwó, mo fi sọ́kẹ́ẹ̀tì 19 yí i láti iwájú ní ìyípo méjì kíkún. Kò há níbìkankan. Mo yọ púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, orí ìkẹta rí dúdú, ó sì tutù fún ọ́ìlì. Mo rí i, mo sì gbójú fò ó. Àṣìṣe kìíní nìyẹn.

Àdéhùn wa ni pé mo ní ọjọ́ márùn-ún láti yẹ̀ ẹ́ wò. Tó bá ní àìsàn, a ó pààrọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n owó kò ní padà. Olùtajà fi ọ̀dà funfun fa ìlà láti ara tọ́ọ̀pù (orí ẹ́ńjìnì tó bo sìlíńdà) bọ́ sára bulọ́ọ̀kù. Tí ìlà yẹn bá ti já, ọ̀rọ̀ pààrọ̀ parí. Yálà Araromi ní Géètì lẹ ti ń rajà ni o, tàbí Ladipo ní Mushin, irú àdéhùn báyìí kò ní ṣàjèjì sí yín. Ìtumọ̀ rẹ̀ fún èmi ni pé gbogbo ohun tí mo bá lè mọ̀ nípa sìlíńdà láì ṣí tọ́ọ̀pù, mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n.

Owó ọkọ̀ tó gbé e dé wọ́kíṣọ́ọ̀pù: ₦12,000.

2. Kámẹ́rà láti ihò púlọ́ọ̀gì

Mo ra kámẹ́rà kékeré tí a ń so mọ́ fóònù, ₦14,000. Orí rẹ̀ kò nípọn ju ìka ọmọdé lọ, iná wà lẹ́nu rẹ̀. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo tì í wọlé, mo tan iná rẹ̀ dé òkè pátápátá, gbogbo ara ògiri sìlíńdà sì ń dán bíi dígí tí wọ́n fi nǹkan ha. Mo ti ń sọ lọ́kàn ara mi pé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ti bàjẹ́. Ìtànṣán lásán ni. Nígbà tí mo rẹ iná sílẹ̀ dé ìdajì, mo rí ohun tó wà níbẹ̀ gan-an: àwọn ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ara wọn bíi ti asẹ́, èyí tí wọ́n ha sára irin náà láti ilé iṣẹ́ kí ọ́ìlì lè máa dúró níbẹ̀. Bí ìlà náà bá ṣì hàn, irin kò tíì jẹ púpọ̀. Bí ibì kan bá ti dán gbinrin láìsí ìlà, ríìngì (òrùka irin tó yí písítìn ká) ti fọ̀ ọ́ lọ. Bí ìlà gbọọrọ bá sì dúró ṣánṣán láti òkè wá sísàlẹ̀, nǹkan kan ti ń ha á.

Ìkíní, ìkejì àti ìkẹrin ní ìlà asẹ́ náà dáadáa láti àárín wá sísàlẹ̀. Nínú ìkẹta, ọ́ìlì ló kún orí písítìn débi pé kámẹ́rà kò rí ìsàlẹ̀. Mo rò pé wọ́n kàn dà á sí i kó má baà pẹtà ni. N kò fà á jáde. Àṣìṣe kejì.

3. Ìdánwò kọmpuréṣọ̀n

Géèjì ni a fi ń wọ̀n bí sìlíńdà kọ̀ọ̀kan ṣe ń fún afẹ́fẹ́ mọ́ra tó nínú ìdánwò yìí. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí fún ẹni tí kò tíì ṣe é rí: lórí Camry yìí, ara gíà ni sítátà ń jókòó sí. Ẹ́ńjìnì lásán kò ní ibi tí ẹ ó de sítátà mọ́. Mo ní láti gbé gíà ọkọ̀ Ìyá Ìbejì wá, kí n fi nọ́ọ̀tì mẹ́rin so ó mọ́ ẹ́ńjìnì lórí táyà méjì nílẹ̀, kí n sì fa wáyà bátìrì sí i. Wákàtí méjì gbáko ló gbà. Kí ẹ tó sítáàtì, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ ṣí ẹnu ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé sílẹ̀ pátá, ẹ sì rí i pé bátìrì kún. Tí ẹ́ńjìnì bá ń yí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, géèjì yóò purọ́ mọ́ ọn. Ìyípo 250 ní ìṣẹ́jú kan ni Toyota ní kó kéré jù.

Ìwọ̀n tí Toyota kọ fún 5S-FE ni 178 psi (psi ni a fi ń wọ̀n agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń tì). Kò gbọdọ̀ lọ sísàlẹ̀ 142, sìlíńdà kan kò sì gbọdọ̀ fi ju 14 lọ yàtọ̀ sí èkejì.

Ohun tí mo kà ní ìgbà àkọ́kọ́: 166, 164, 190, 162.

Inú mi kọ́kọ́ dùn sí 190 yẹn. Lẹ́yìn náà ni mo wá bi ara mi léèrè bí sìlíńdà ẹ́ńjìnì tó ti lé lógún ọdún ṣe lè ju ti tuntun lọ. Bí mo ṣe ń rò ó lọ́wọ́ ni ọmọ iṣẹ́ mi pariwo, “Ọ̀gá, ó ń tu ọ́ìlì o!” Ó ti ń yí sítátà láì fi púlọ́ọ̀gì dí ihò, ọ́ìlì sì fọ́n láti ihò kẹta dé ara ògiri.

Ọ́ìlì náà ló ń dí àyè tó wà láàárín ríìngì àti ògiri sìlíńdà, ló fi dà bíi pé kò sí ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà jò. Mo ra síríńjì àti rọ́bà tín-ín-rín tí wọ́n fi ń fa omi sí aláìsàn lára ní kẹ́míìsì, ₦700. Láti ìkíní, ìkejì àti ìkẹrin, díẹ̀díẹ̀ ni mo fà jáde, kò tó síríńjì kan. Láti ìkẹta, mo fa síríńjì oní-mìlílítà mẹ́wàá mẹ́ta àtààbọ̀. Mo fi aṣọ bo àwọn ihò, mo yí i títí aṣọ kò fi mú ọ́ìlì mọ́, mo sì fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì.

Ìkà kejì: 164, 161, 117, 160.

Mo wá da ọ́ìlì ṣíbí tíì kan péré sínú ìkẹta, mo tún wọ̀n ọ́n: 158. Tó bá jẹ́ fáàfù (ìlẹ̀kùn tí afẹ́fẹ́ àti èéfín ń gbà wọlé jáde) ló ń jò, ọ́ìlì ṣíbí kan kò ní mú un gòkè bẹ́ẹ̀. Ríìngì tàbí ògiri sìlíńdà ni.

4. Afẹ́fẹ́ fọkanáísà

N kò fẹ́ bá olùtajà jà lórí géèjì nìkan, mo fẹ́ gbọ́ ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde. Mo fọ́ tánganran inú púlọ́ọ̀gì àtijọ́ kan kúrò, mo ní kí wẹ́dà jó ẹnu rọ́bà afẹ́fẹ́ mọ́ ọn, ₦2,000. Mo dè é sínú ihò púlọ́ọ̀gì, mo fa rọ́bà láti ọ̀dọ̀ fọkanáísà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa.

Ẹ rí i pé písítìn wà lókè téńté, tí gbogbo fáàfù rẹ̀ sì padé, kí ẹ tó ṣí afẹ́fẹ́. Mo fi í sí nǹkan bíi mìlímítà mẹ́ta sísàlẹ̀ òkè téńté, mo rò pé kò já mọ́ nǹkan kan. Bí mo ṣe ṣí afẹ́fẹ́, ó ti písítìn wálẹ̀, irin tí mo fi sọ́kẹ́ẹ̀tì sí yí bírí, ó sì ya ìdérí bẹ́líìtì. Ọpẹ́ ni pé ọmọ iṣẹ́ mi ti yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò níbẹ̀. Ẹ má fi sọ́kẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ lórí kíráǹkì, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dúró síwájú rẹ̀.

Nígbà tí mo tò ó dáadáa, mo gbé etí sí ibi mẹ́ta: ẹnu ibi tí ẹ́ńjìnì ti ń mí sínú, ẹnu sáláńsà, àti ihò tí a ń da ọ́ìlì sí. Méjì àkọ́kọ́ dákẹ́ jẹ́ẹ́, ìyẹn ni pé fáàfù kò jò. Láti ihò ọ́ìlì, afẹ́fẹ́ ń bọ̀ ṣùùùù, ẹ̀gbẹ́ ríìngì ló ń gbà. Mo gbé bébà tíṣù lé ihò náà, ó fò kúrò. Nígbà tí mo gbé rọ́bà lọ sí ìkíní, tíṣù kàn ń mì ni. Gbogbo ẹ́ńjìnì ló ń jò díẹ̀, kódà tuntun. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín èkíní àti ìkẹta ni ẹ máa wò.

5. Ṣíṣí tọ́ọ̀pù

Mo pe olùtajà lórí fóònù, mo ka gbogbo nọ́ńbà náà fún un. Ó kọ́kọ́ sọ pé géèjì mi ló bàjẹ́. Mo ní kó rán ẹnìkan wá kí a jọ ṣí i. Ó rán ọmọ rẹ̀, ọmọ náà sì ya fọ́tò ìlà funfun kí a tó já a. Ẹ má ṣí i láìsí ẹnikẹ́ni láti ọ̀dọ̀ olùtajà.

Nọ́ọ̀tì mẹ́wàá ló de tọ́ọ̀pù. Láti ìpẹ̀kun méjèèjì wá sí àárín ni mo ti ń dẹ̀ wọ́n, díẹ̀díẹ̀ ní ìgbà mẹ́ta, kí tọ́ọ̀pù má baà ká.

Ohun tó wà nínú ìkẹta rèé. Ní nǹkan bí ìka mẹ́ta sísàlẹ̀ ẹnu sìlíńdà, òrùka ìpẹtà kan yí i ká láti apá kan dé ìdajì. Àwọ̀ rẹ̀ dà bíi ti kọ́fí, fífẹ̀ rẹ̀ kò ju ti ríìngì kan lọ. Ibẹ̀ ni ríìngì dúró sí ní gbogbo ìgbà tí ẹ́ńjìnì yìí fi wà nílẹ̀ nínú ọ̀rinrin, tí fáàfù rẹ̀ kan sì wà ní ṣíṣí. Mo fi aṣọ tí mo rẹ sínú kẹrosíìnì nù ún, àwọ̀ náà lọ díẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi èékánná fà á láti òkè wá, èékánná há nínú ihò wẹẹrẹ bí ẹni ń fọwọ́ pa ẹ̀yìn ìṣáná. Ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń gbà.

Mo jẹ̀bi ohun kan níbí. Mo mú sáńpépà 600, mo rẹ ẹ́ sínú kẹrosíìnì, mo sì fi ogójì ìṣẹ́jú ha á. Àwọ̀ kọ́fí lọ tán, ihò wà níbẹ̀. Ọmọ olùtajà ń wò mí, ó sì lè sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé èmi ni mo ha sìlíńdà náà. Mo dá ọwọ́ dúró.

6. Wíwọ̀n pẹ̀lú ríìngì tuntun

Mo ṣì fẹ́ mọ bí irin náà ṣe jẹ tó. Mo kọ́kọ́ lo vernier, irinṣẹ́ wíwọ̀n ẹlẹ́nu méjì, ó ní 87.0 mìlímítà, ìyẹn ni pé bíi tuntun. Irọ́ ni. Ẹnu vernier kò gùn, orí bèbè òkè pátápátá ló ń wọ̀n, níbi tí ríìngì kì í dé rárá. Sísàlẹ̀ bèbè yẹn gan-an ni sìlíńdà máa ń jẹ jù, torí ibẹ̀ ni písítìn ń dúró láti yí padà, tí ọ́ìlì fi ń fẹ́lẹ́, ibẹ̀ náà ni iná ti ń jó.

Ẹni tí kò ní géèjì sìlíńdà lè ṣe báyìí. Mo ra ríìngì tuntun oníwọ̀n sítáńdáàdì, ₦22,000 fún odindi rẹ̀ (owó náà kò ṣòfò, mo ṣì ní i), àti feeler gauge, àwọn abẹ irin pẹlẹbẹ tí wọ́n kọ ìnípọn sí lára, ₦4,500. Mo yí kíráǹkì títí písítìn fi lọ sísàlẹ̀ pátá. Mo fi ríìngì òkè kan sínú sìlíńdà, mo dorí písítìn àtijọ́ tí mo pa mọ́ kodò, mo sì fi tì í kó lè jókòó tọ́. Tí ríìngì bá wọ́, ohun tí ẹ bá kà kò wúlò. Mo tì í dé mìlímítà mẹ́wàá sísàlẹ̀ ẹnu, mo fi abẹ wọn àlàfo tó wà láàárín ẹnu ríìngì méjèèjì. Mo tún tì í sísàlẹ̀ dé ọgọ́rin mìlímítà, mo wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ yọ kékeré kúrò nínú ńlá, kí ẹ pín in sí 3.14: ohun tí sìlíńdà fi fẹ̀ lókè ju ìsàlẹ̀ lọ nìyẹn.

Ìkíní: 0.55 lókè, 0.40 nísàlẹ̀. 0.15 tí a pín sí 3.14 jẹ́ nǹkan bíi 0.05 mìlímítà. Ìkejì àti ìkẹrin kò jìnnà sí i. Ìkẹta: 0.80 lókè, 0.40 nísàlẹ̀. Nǹkan bíi 0.13 nìyẹn.

Ríìngì kò lè sọ fún yín bóyá sìlíńdà ti di ẹyin, ìyẹn ni pé ó fẹ̀ lápá kan ju apá kejì lọ. Nítorí náà, mo gbé bulọ́ọ̀kù lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń bọ́ọ̀ ẹ́ńjìnì, ìyẹn àwọn tó ń fi ẹ̀rọ fẹ sìlíńdà, mo san ₦5,000 kí wọ́n fi géèjì aláago wọ̀n ọ́n. Lókè ìkẹta, ní ìhà tó dábùú kíráǹkì: 87.17. Ní ìhà tó bá kíráǹkì lọ: 87.12. Nísàlẹ̀: 87.02. Ríìngì ₦22,000 mi kò purọ́.

Ohun tó sì jẹ́ kí n dúró pẹ́ níbẹ̀ ni pé 87.23 ni Toyota ní kó má kọjá. Bó bá jẹ́ géèjì aláago nìkan ni mo fi yẹ̀ ẹ́ wò, ìkẹta yóò yege. Ihò ìpẹtà ni géèjì kò rí, afẹ́fẹ́ àti èékánná ló rí i.

Mo béèrè iye tí wọn yóò gbà láti bọ́ọ̀ ọ sí písítìn tó fi 0.50 mìlímítà tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ. Pẹ̀lú písítìn, ríìngì àti gásíkẹ́ẹ̀tì, ₦190,000. Ìyá Ìbejì kò ní irú owó bẹ́ẹ̀ lórí ẹ́ńjìnì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà.

7. Pípààrọ̀

Mo gbé ẹ́ńjìnì padà lọ́jọ́ kẹrin. Olùtajà wò ó, ó ní, “Alàgbà, ẹ ti ṣí i o. Àdéhùn wa kọ́ nìyí.” Mo ní, “Ọmọ yín ló jókòó tì mí, òun ló ya fọ́tò. Mo fi sáńpépà ha á fúnra mi, mi ò ní parọ́ fún yín, ṣùgbọ́n ẹ fi èékánná yín kàn án.” Ó fi èékánná fà á lẹ́ẹ̀kan. Kò sọ nǹkan kan. Ó pe ọmọ rẹ̀ pé kó lọ gbé òmíràn wá. Mo fi ₦30,000 lé e, torí ó ní èyí mọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Èmi ló gbà bẹ́ẹ̀, n kò sì dá a lẹ́bi. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, níbẹ̀ níwájú ìsọ̀ rẹ̀ ni mo ti fa ohun tó wà lórí písítìn jáde pẹ̀lú síríńjì, tí mo sì ti kámẹ́rà bọ̀ ọ́. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbẹ, ìlà asẹ́ hàn lára wọn. Ní wọ́kíṣọ́ọ̀pù, géèjì kà á sí 168, 170, 165, 167. Tíṣù kò fò lórí ihò ọ́ìlì. N kò ṣí tọ́ọ̀pù rẹ̀.

8. Dídè é àti ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀

Kí n tó gbé e wọlé, mo pààrọ̀ bẹ́líìtì táímìnì (₦15,000) àti pọ́ǹpù omi (₦16,000), torí nílẹ̀ báyìí, ọwọ́ gba ibẹ̀, tó bá ti wọ ọkọ̀ tán, ìyà ni. Ọ́ìlì tuntun àti fílítà, lítà 3.6. Owó iṣẹ́ mi ₦70,000. Kámẹ́rà, ríìngì àti abẹ wíwọ̀n, mo kà wọ́n sí irinṣẹ́ mi, n kò gbé wọn lé Ìyá Ìbejì lórí.

Wọ́n ti gbé e lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ ní ìgbà mẹ́ta. Mo ní kí wọ́n máa fa ọ̀pá ọ́ìlì kí wọ́n tó gbéra, kí wọ́n sì ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Ní àlọ kẹta, ọ́ìlì ṣì sún mọ́ ojú F (àmì pé ó kún), ó kàn fi nǹkan bíi mìlímítà méjì dínkù. Láàárọ̀ nìkan, tí wọ́n bá kọ́kọ́ sítáàtì, ó máa ń tu èéfín búlúù fún bí ìṣẹ́jú àáyá méjì, lẹ́yìn náà ó mọ́. Sílì fáàfù (rọ́bà tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì gba ẹ̀gbẹ́ fáàfù wọlé) nìyẹn, kì í ṣe sìlíńdà, mo sì ti sọ fún wọn. Sílì ẹ̀yìn kíráǹkì náà ń jò díẹ̀, ó yẹ kí n ti pààrọ̀ rẹ̀ nígbà tí gíà wà nílẹ̀, mo gbàgbé. Oṣù tó ń bọ̀ tí ilé ìwé bá ti wọ ìsinmi, wọ́n á gbé e wá, màá sọ gíà kalẹ̀ láì gba owó iṣẹ́.